Ìwo Méjì Lókè Àjà

Orí àpáta ni Motúnráyọ̀ wà, tí ó ń na eriali rédíò sókè, nígbà tí ó rí ọkùnrin kan tí ó ń lé ayé lọ.

Máàpù ayé ni. Atẹ́gùn oṣù kẹta ọdún 2003 já a gbà lẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀ lójú ọ̀nà Orin sí Ìdó. Máàpù ń fò, ó ń bà, ọkùnrin náà ń sáré tẹ̀ lé e, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti bọ́. Nígbà tí atẹ́gùn gbé e dé orí àpáta, Motúnráyọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ẹ ṣé o," ni ọkùnrin náà wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí Rọ́ṣíà. Bọ́ǹbù átọ́mù wà lọ́wọ́ wọn."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹsẹ̀, àmì erùpẹ̀ pupa kù síbẹ̀.

"Kí lẹ ń wá lókè níbí?"

"Ogun. Rédíò kì í gbọ́ dáadáa nísàlẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn olùyẹ̀wò tí wọ́n rán lọ sí Ìráàkì ti rí bọ́ǹbù kankan níbẹ̀."

Akínlolú ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Òsì, tíṣà jọ́gíráfì ní Ìdó. Motúnráyọ̀ ń kọ́ òfin ní yunifásítì, òfin tí ó de orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ló dá a padà sílé ní Orin.

"Bí orílẹ̀-èdè bá rú òfin, ọlọ́pàá wo ní í mú un?" ni Akínlolú bi í.

Kò sí ẹni tí ó bi í ní irú ìbéèrè yẹn rí nílé. Ìgbà tí yóò lọ́kọ ni wọ́n máa ń bi í.

"Ẹ padà wá lọ́la," ni ó wí. "N ó ti ronú sí i."

Ó padà wá, ó mú bátìrì wá fún rédíò. Ó ń wá bẹ́ẹ̀ títí wọn kò fi pe ara wọn ní "ẹ̀yin" mọ́. Nígbà náà ni Motúnráyọ̀ bi í pé ọmọ ta ni ní Òsì.

"Ọmọ Bàbá Délé."

Motúnráyọ̀ pa rédíò.

Oko kòkó kan wà láàárín Orin àti Òsì. Bàbá-bàbá wọn jà lórí rẹ̀. Kálukú fi èpè sínú ìwo ẹfọ̀n, ó fi aṣọ pupa dì í, ó fi há àjà: ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ṣẹ̀, ìran rẹ̀ yóò parun. Láti ìgbà náà, kò sí ìjà, kò sí ìkíni. Kòkó ń pọ́n, ó ń jẹrà lórí igi. Bàbá Níkẹ́, tí ó bí Motúnráyọ̀, ń gbé igbá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Bàbá Délé ń kọ́ àwọn ọmọ Kátólíìkì ní katikísìmù. Ìwo ṣì wà lájà àwọn méjèèjì.

"Ọmọ ulé yẹn kọ́, Motún," ni Bàbá Níkẹ́ wí nígbà tí ó gbọ́ pé Akínlolú ni ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ tiwa nù."

"Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ tirẹ̀ nù ló kú."

Ohun kan náà ni Bàbá Délé sọ fún Akínlolú.

"Ẹ ti rí inú ìwo tiwọn rí?" ni Motúnráyọ̀ bi bàbá rẹ̀.

"Rárá o."

"Kí lẹ wá ń bẹ̀rù?"

"Ohun tí mi ò rí."

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn Motúnráyọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó padà tọ bàbá rẹ̀ lọ.

"Bàbá, Gúúsù Áfíríkà ní bọ́ǹbù átọ́mù rí. Wọ́n tú u palẹ̀ fúnra wọn, wọ́n ní kí àwọn àjèjì wá wò ó. Ẹ jẹ́ kí Akínlolú wá wo àjà wa, kí èmi náà lọ wo tiwọn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jọ ju méjèèjì sí kòtò lọ́jọ́ kan náà."

"Lójú ta ni?"

"Ìyá Alice ti Àsìn."

Ìyá Alice ló gbẹ̀bí Motúnráyọ̀ àti Akínlolú. Bàbá Níkẹ́ fọwọ́ ra irùngbọ̀n.

"Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kó wá wò ó. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá purọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó parí."

Bàbá Délé náà gbà. Ó pẹ́ kó tó gbà.

Lọ́jọ́ tí Motúnráyọ̀ lọ sí Òsì, ogun Ìráàkì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùyẹ̀wò ti kúrò níbẹ̀ láìparí iṣẹ́. Ó gun àkàsọ̀, Bàbá Délé di ẹsẹ̀ àkàsọ̀ mú. Ìwo náà fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìẹ. Nígbà tí ó tú aṣọ, erùpẹ̀ ikán ló dà sí i lọ́wọ́.

Ó wo ìsàlẹ̀. Arúgbó náà ń wò ó.

"Ẹ mọ̀, bàbá?"

"Láti ìgbà tí mo sin bàbá mi."

"Kí ni kí n sọ?"

"Ohun tí o rí, ọmọ mi."

Akínlolú ni kò gbà. Ó dá ọ̀kadà dúró lójú ọ̀nà.

"Motún mi, mo ti wo tiyín. Ó kún, ó wúwo. Sọ pé tiwa náà wúwo. Bí bàbá rẹ bá mọ̀ pé ọwọ́ wa ṣófo, yóò gba oko, kò sì ní fi ọ́ fún mi."

"Lólú, o bi mí pé ọlọ́pàá wo ní í mú orílẹ̀-èdè. Kò sí. Ẹ̀rí ẹni tí ó lọ wò ó nìkan ló wà. Bí mo bá purọ́, kí ló kù?"

Akínlolú tún gun ọ̀kadà. Títí wọ́n fi dé Orin, ó ń rọra yà fún gbogbo kòtò nítorí rẹ̀.

Abẹ́ kòkó ni wọ́n pàdé sí. Wọ́n ti gbẹ́ kòtò. Ìyá Alice jókòó lórí àpótí. Bàbá kọ̀ọ̀kan fi ìwo tirẹ̀ há abíyá.

"Akínlolú, kí lo rí?" ni Ìyá Alice bèèrè.

"Ó kún, mà. Ó wúwo."

"Motúnráyọ̀ ńkọ́?"

"Erùpẹ̀ ikán. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Kòkó kan já bọ́ sórí ewé gbígbẹ. Bàbá Níkẹ́ wo ìwo tirẹ̀, ó wo Bàbá Délé.

"O mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ṣófo, o sì wá dúró síwájú mi?"

"Ọmọ mi ló fẹ́ ọmọ rẹ. Ta ni n bá rán?"

"O lè ti bẹ̀ ẹ́ kó purọ́."

"Mo wojú rẹ̀. Mo rí i pé o kọ́ ọ ní òtítọ́."

Bàbá Níkẹ́ yọ ìwo tirẹ̀ lábíyá.

"Gbogbo ọjọ́ ayé mi," ni ó wí, "ikán ni mo ń bẹ̀rù."

Ó ju ìwo rẹ̀ sí kòtò. Òun ló kọ́kọ́ jù ú.

"Bàbá Níkẹ́, ẹ ò wá kú?" ni Ìyá Alice bi í.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó ná."

Bàbá Délé rẹ́rìn-ín. Ó ju tirẹ̀ náà síbẹ̀, ó sì jókòó tì í.

Akínlolú já kòkó kan, ó là á, ó pín in fún Motúnráyọ̀. Wọ́n ń pọ́n ọn lá.

"Ká ní bàbá rẹ kò jù ú ńkọ́?"

"N kò mọ̀."

"Wọn kò kọ́ yín ní yunifásítì?"

"Wọ́n ṣì ń wá a."

"Fẹ́ mi, ká jọ máa wá a."

Motúnráyọ̀ tu kóró kòkó sílẹ̀. "Mo ti gbà láti orí àpáta, tíṣà. Ìwọ ni kò bi mí."

Wọ́n ṣègbéyàwó ní ọdún náà. Máàpù ayé wà lára ògiri yàrá wọn. Ẹsẹ̀ pupa kan wà lórí Rọ́ṣíà. Akínlolú kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nù ún.