Ta Ní Ń Ti Géètì Kumaresan?

Ọ̀rẹ́ mi tí o mú ìwé kékeré yìí dání, fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ aládùúgbò wa kan ní ìlú Tambaram níbí. Kumaresan ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀mùtí paraku ni, a sì máa fura sí gbogbo ayé.

Alaalẹ́ ló ń fi Thenmozhi, ọmọbìnrin rẹ̀ tí kò ní ìyá mọ́, sílẹ̀ nílé lóun nìkan lọ sílé ọtí. Kì í rántí ti géètì. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá fi máa dé, wọ́n á ti tì í.

“Wọ́n ti dójú sọ mí!” ló ń pariwo. Ó so elégédé tí wọ́n ya ojú burúkú sí síwájú ilé láti fi lé oṣó lọ. Ó tún so ọsàn wẹ́wẹ́ àti ata mọ́ géètì nítorí ojú ibi. Pàbó ni.

Yesudian, bàbá Kristẹni tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, tó ń gbé ní ọ̀ọ́kán, ni Kumaresan fura sí jù. Bàbá yìí kò so nǹkan kan mọ́ ilé tirẹ̀.

“Ẹni tí kò bẹ̀rù oṣó, ṣé kì í ṣe pé òun gan-an ni oṣó?” ni Kumaresan ń wí.

Lóru ọjọ́ kan, Kumaresan mọ̀ọ́mọ̀ ṣí géètì sílẹ̀, ó mú igi, ó ba sẹ́yìn ọkọ̀ kan. Òpópónà dá páropáro. Ajá kò gbó, ọdẹ àdúgbò kò fọn fèrè. Lójijì ẹnì kan yọ jẹ́jẹ́, ó na ọwọ́ sí géètì.

“Ọwọ́ bà ọ́ lónìí!” Ó la igi mọ́ ọn lórí.

Yesudian ni. Ó ṣubú, kò mira mọ́.

“Ẹ gbà mí o! Mo ti pààyàn!” Kò sẹ́ni tó jáde. Iná kan tó tàn ní fèrèsé tún kú. Kumaresan gbé bàbá náà pọ̀n, ó ń sáré lọ sí ọsibítù, ó ń sunkún.

Ilẹ̀ ti mọ́ kí Yesudian tó lajú.

“Bàbá, kí lẹ wá ṣe ní géètì mi?”

“Mo wá tì í ni. Ọmọbìnrin ń dá sùn níbẹ̀, o wá ṣí ilé sílẹ̀ gbayawu bí ọjà!”

“Ẹ ò ṣe sọ fún mi?”

“Ìwọ tó ń bú mi láràárọ̀? Jésù ni mo ń sọ ọ́ fún.”

“Ẹ fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, bàbá.”

“Rárá. Mo ti dárí jì ọ́, àbúrò. Ṣùgbọ́n ìdáríjì tèmi kò lè gba ọkàn rẹ là. Jésù ló kú fún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ.”

Kumaresan dojúbolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. “Jésù, àwọn tí mò ń fura sí kọ́ ló burú. Èmi ni. Gbà mí!” Jésù sì gbà á.

Ìwọ tí o ń kàwé yìí ńkọ́? Ta lo ń fura sí? Ẹ̀ṣẹ̀ inú rẹ gan-an ni ọ̀tá rẹ. Yesudian lajú, ká ní kò lajú ńkọ́? Má fi dọ̀la, ìwọ kọ́ lo ni ọ̀la. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yẹn, kí o sọ fún Jésù pé, “Olúwa, èmi ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Gbà mí!”