Obìnrin Cornwall Tó Ń Wa Mọ́tò ní Burnley

Ògiri ọgbà Ìyá Duckworth ni Bethan Ollerenshaw fi ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀ gbá láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí òjò ń rọ̀ wínníwínní. Bíríkì mẹ́ta péré ló yẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ò tó nǹkan ni, àmọ́ kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti di ọ̀ràn ọlọ́pàá. Nígbà tí Bethan fóònù ilé-iṣẹ́ adójútòfò rẹ̀ pé kí wọ́n wá bá òun tún ògiri ṣe, ẹni tó gbé fóònù wo orúkọ rẹ̀ nínú ẹ̀rọ, ó sì fi ọ̀yàyà bi í pé báwo ni ojú òkun ṣe rí lónìí.

Bethan ní, "Òkun wo?" Burnley ò ní òkun. Ohun tá a ní ò ju odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ, pẹ̀lú òjò.

Bí àṣírí ṣe tú nìyẹn. Bethan Ollerenshaw tó wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà jẹ́ obìnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilé ìkàwé. Abúlé etí òkun kan ní Cornwall ló ń gbé, gáréèjì ló ń ti mọ́tò rẹ̀ mọ́, ọjọ́ Àìkú nìkan ló sì ń wà á. Bethan tiwa, ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Àwọn arúgbó bí Ìyá Duckworth ló ń tọ́jú nílé wọn, ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń fún wọn lóúnjẹ, ojúlé dé ojúlé látàárọ̀ dalẹ́, títì gbangba sì ni mọ́tò rẹ̀ ń sùn.

Ilé-iṣẹ́ náà wọ́gi lé àdéhùn, wọ́n sì fẹjọ́ jìbìtì sùn. Àwọn ọlọ́pàá gbé mọ́tò lọ. Bí wọ́n bá dá Bethan lẹ́bi, orúkọ rẹ̀ á wọ inú àkójọ àwọn oníjìbìtì tí gbogbo ilé-iṣẹ́ adójútòfò ń wò, kò sì ní sí ẹni tó máa gbà á mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láìsí mọ́tò, kò síṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ti sọ fún un pé títí di ọjọ́ Ẹtì lòun lè fi dúró.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Hilda Entwistle ni wọ́n gbé ẹjọ́ náà fún. Obìnrin kúkúrú ni, ẹlẹ́wù òjò aláwọ̀ ewé, kò sì sí ẹni tó mọ ọjà ná tó o ní gbogbo Burnley. Ọdọọdún ló ń pààrọ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Inú rẹ̀ máa ń dùn sí ẹ̀dínwó ju oúnjẹ ọ̀sán lọ, a kì í sì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí bí gbogbo wa níbí ṣe rí nìyẹn.

Bethan sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ó ní, "Mà, mi ò tíì dé Cornwall rí láyé mi." Ó ní bàbá àgbà òun ló bá òun ṣètò rẹ̀, ojú ewé kan ṣoṣo ni wọ́n sì gbé fún òun, èyí tí orúkọ òun àti nọ́ńbà mọ́tò wà lórí rẹ̀. Hilda bi í bóyá wọ́n fún un lówó-ìdápadà kankan, ìyẹn owó díẹ̀ tí àwọn ìkànnì kan máa ń dá padà fún ẹni tó bá gba ọ̀dọ̀ wọn rajà.  Ọmọ náà ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bàbá àgbà, Walter Ollerenshaw, ti wọ kóòtù dè wọ́n nílé, bíi pé àtìmọ́lé ló ń lọ. Ó mọ bàbá Hilda dáadáa, kò sì fọ̀wọ̀ pọ́n ọn lé.

"Ìwọ ọmọ Entwistle, èmi ni mo kọ gbogbo rẹ̀. Mú mi, kó o sì fi ọmọ yẹn sílẹ̀."

"Iṣẹ́ wo lẹ kọ pé Bethan ń ṣe?"

"Iṣẹ́ tó ń ṣe náà ni. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó."

"Ọjọ́ orí ńkọ́?"

"Méjìlélógún. Ṣé mi ò mọ ọjọ́ orí ọmọ ọmọ mi ni?"

Hilda rẹ́rìn-ín. Ó ní kó bọ́ kóòtù rẹ̀, kó sì gbé omi tíì kaná, nítorí ẹni tó purọ́ yẹn gbọ́dọ̀ mọ irọ́ tóun pa. Ojú ti Walter, ó sì jókòó, ó sọ òótọ́. Ó ti kọ́kọ́ lọ sórí ìkànnì ìfiwéra, ibi tí wọ́n ti ń to iye owó ilé-iṣẹ́ oríṣiríṣi fúnni wò. Èyí tó kéré jù níbẹ̀ lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún méjì pọ́ùn. Ó wá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Roland Pickup, akápò ẹgbẹ́ àwọn tó ń yí bọ́ọ̀lù lórí pápá. Kí wọ́n tó mu tíì tán, Roland ti bá a rí i fún iye tí kò tó ẹgbẹ̀rún kan, lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà, fún mọ́tò kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Ó ní ojú líǹkì owó-ìdápadà lòun gbà.

Walter ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n là ń pè é ní kílọ́ọ̀bù."

Ọ̀jọ̀gbọ́n gba Hilda tọwọ́tẹsẹ̀. Ọkùnrin gíga ni, irunmú rẹ̀ gún régé, ó sì fẹ́ràn kí wọ́n máa bi í ní ìbéèrè. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ò le rárá.

"Alágbàtà làwọn ìkànnì ìfiwéra yẹn, mà. Ilé-iṣẹ́ ń sanwó fún wọn, wọ́n á wá gbé owó yẹn lé yín lórí. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá gba ojú líǹkì owó-ìdápadà, ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ gan-an lẹ gbà wọlé. Ìdí tó fi dín nìyẹn."

"Ta ló wá kọ Cornwall?"

Roland mí kanlẹ̀. "Ó dùn mí láti sọ ọ́. Walter ti kọ ìkọkúkọ sórí ìkànnì àkọ́kọ́. Líǹkì lásán lèmi tẹ̀, gbogbo ohun tó kọ ló sì tẹ̀ lé mi wọlé. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ẹ má bá a wí."

"Líǹkì náà, orúkọ ta lẹ fi gba owó-ìdápadà rẹ̀?"

"Ti Walter. Èmi ò forúkọ sílẹ̀ nírú ibẹ̀ rí. Tíì kan pẹ̀lú bisikíìtì méjì ni gbogbo èrè mi."

Hilda dúpẹ́, ó sì jáde. Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó bèèrè iye owó mọ́tò tirẹ̀ lórí ìkànnì ìfiwéra, ó tún gba ojú líǹkì owó-ìdápadà bèèrè rẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rò pé ẹ̀dínwó ló tún ń wá. Nígbà tó dìde, ó ń kọrin lábẹ́ ahọ́n.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tíì ní kílọ́ọ̀bù, gbogbo ẹgbẹ́ ló pé. Bethan àti Walter jókòó ní ẹ̀yìn pátá, kò sì sẹ́ni tó jókòó tì wọ́n. Hilda wọlé, ó ní inṣọ́ránsì òun ti fẹ́ parí, bóyá Ọ̀gbẹ́ni Pickup á lè bá òun wá èyí tó dín, lójú gbogbo èèyàn, lórí tẹlifíṣàn ńlá tí wọ́n fi ń wo bọ́ọ̀lù. Inú Roland dùn kọjá ààlà. Àǹfààní láti kọ́ ọlọ́pàá lẹ́kọ̀ọ́ níwájú gbogbo kílọ́ọ̀bù! Ó so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣàn, ó na ìka, ìka náà sì lọ síbi tó ti mọ́ ọn lára láti máa lọ. Ẹ̀dínwó tẹlòmíì wà níwájú rẹ̀, kò sì lè fojú fò ó.

Ìkànnì owó-ìdápadà ṣí, lẹ́tà gàdàgbà sì hàn lójú tẹlifíṣàn: *Káàbọ̀ padà, Roland.*

 Roland gbìyànjú láti pa kọ̀ǹpútà náà dé, Hilda ti gbé ọwọ́ lé e.

"Ẹni tí ò forúkọ sílẹ̀ rí ni wọ́n ń kí káàbọ̀ padà yìí?"

 Hilda kọjú sí àwọn èèyàn.

"Ó sọ fún mi pé líǹkì yìí kì í ṣe alágbàtà. Irọ́ ni. Alágbàtà paraku ni. Owó tí ilé-iṣẹ́ san fún un ló ń bù fún ẹni tó bá gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, ohun tí wọ́n ń pè ní owó-ìdápadà nìyẹn. Mo dán an wò fún mọ́tò mi. Tojú líǹkì tiẹ̀ wọ́n díẹ̀ ju ti ìkànnì ìfiwéra lọ, nítorí orí ìkànnì ìfiwéra, gbogbo ilé-iṣẹ́ ló fẹ́ wà lókè. Wọ́n á yọ àtúnṣe gíláàsì tó bá fọ́ kúrò, wọ́n á yọ mọ́tò àyálò kúrò, wọ́n á fi kún iye tẹ́yin fúnra yín máa kọ́kọ́ san tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kí owó lè dà bíi pé ó kéré. Ọjà méjèèjì kì í dọ́gba, ìbéèrè wọn gan-an kì í dọ́gba, ìyẹn ni iye ò fi bára mu. Àmọ́ ìyàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ ni. Kí owó já sí ìdajì, mọ́tò ò yí padà, ilé-iṣẹ́ ò yí padà. Èèyàn inú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yí padà, torí owó àgbàlagbà tó ń wa mọ́tò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kéré gan-an sí ti ọ̀dọ́ tó ń wà á lójoojúmọ́."

Ó yíjú sí Roland. "Ẹ sì ní ohun tí Walter kọ ló tẹ̀ lé yín wọlé. Fọ́ọ̀mù tí líǹkì ṣí fún mi, òfìfo ni. Kò sóhun tó tẹ̀ lé mi wọlé. Ẹni tó tẹ líǹkì yẹn ló jókòó, tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ Cornwall."

Roland jókòó bí àpò tí wọ́n tú. Ó ní owó-ìdápadà yẹn ò tó nǹkan, òun kàn ń fi ra bọ́ọ̀lù tuntun àti wáìnì ni. Ó ní kì í ṣe owó lòun tiẹ̀ ń wá. "Ẹ ò mọ bó ṣe ń rí lára, tí wọ́n bá ń pè mí ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Tí mi ò bá rí iye tó dín, wọn ò ní pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

Níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, gbogbo ẹni tó ti bá ṣètò inṣọ́ránsì rí ti ń fóònù ilé-iṣẹ́ adójútòfò wọn. Ernest Crabtree, tó ń fi ọkọ̀ gbé ẹran kiri, ló kọ́kọ́ dìde. Wọ́n ti sọ fún un pé àlùfáà lòun ní Wales láti ọdún tó kọjá. Ẹ̀rín bú sáfẹ́fẹ́, àfi Roland tí wọ́n ń mú jáde. Walter di ọmọ ọmọ rẹ̀ mú, ó sì sunkún láìfi ojú pa mọ́. Ìyàwó Crabtree gbé tíì wá fún Bethan, ó sì fa àga tì í.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ilé-iṣẹ́ adójútòfò kọ̀wé pé àwọn ti yọ orúkọ Bethan kúrò nínú ẹ̀sùn, àwọn ọlọ́pàá sì dá mọ́tò rẹ̀ padà. Hilda fúnra rẹ̀ bá a wá inṣọ́ránsì mìíràn. Ó gba orí ìkànnì ìfiwéra, ó gba ojú líǹkì lórúkọ Bethan gan-an, ó tún fóònù wọn, ó sì ń ná wọn títí wọ́n fi rẹ̀wẹ̀sì. Ó wọ́n ju ti Roland lọ. Walter kùn díẹ̀, ó sì san ìdajì.

Ìyá Duckworth ti ń jókòó sójú fèrèsé láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò gbà kí ẹlòmíì wẹ òun. Ó rí mọ́tò kékeré náà tó ń yà bọ̀, jẹ́jẹ́, tó jìnnà sí ògiri. Ó ṣílẹ̀kùn, ó sì fọwọ́ lé ìbàdí.

"O pẹ́ púpọ̀."

"Ẹ má bínú, mà," ni Bethan fèsì, ó ń bọ́ bàtà rẹ̀. "Cornwall ni mo ti ń bọ̀."