Àtàǹpàkò Mẹ́sàn-án

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọkọ mi ṣì wà láyé, ó ṣì ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń bá rédíò jiyàn. Ìyá Aránṣọ náà wà láyé. Àwa obìnrin mẹ́sàn-án tá a jọ ń gbàdúrà lórí fóònù ṣì pé.

Ẹsẹ̀ ti ń dùn wá, a ò lè máa lọ sílé ìjọsìn bíi ti tẹ́lẹ̀, ni fóònù bá di ilé àdúrà wa. Kálukú á fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ láàárọ̀, àwọn yòókù á gbọ́, wọn á ṣe àmín. Òfin kan ṣoṣo la ní: ohun tá a bá sọ níbẹ̀, a ò ní gbé e jáde. Àwọn tó kù ń tẹ fóònù wọn fúnra wọn. Èmi tí ìwé ò yé dáadáa, ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Kíláàsì àṣekágbá ló wà. Akọ̀wé ni mò ń pè é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ohùn Ìyá Aránṣọ dé, ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, kókó kan wà lọ́yàn mi. Ó ti pé oṣù méje. Mi ò tíì sọ fáwọn ọmọ. Àdúrà gan-an ò wá sí mi lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin lẹ̀ ń gbà á, èmi kàn ń ṣe àmín."

Mo ní kí Akọ̀wé tẹ ibi ìsọ̀rọ̀ fún mi. "Àbúrò mi, àmín yẹn tó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, dókítà tó ń wo kókó ọyàn máa wá sílé ìwòsàn. Èmi pẹ̀lú rẹ la jọ ń lọ. Tó o bá sá, màá fi ọ̀pá mi lé ọ."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rìn títí kẹ́ ẹ tó dé ẹnu géètì?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, mo gbọ́. Ọjọ́bọ̀."

Èmi ò mọ̀ pé etí kẹta ti wà nínú yàrá. Obìnrin kan láti yunifásítì ti wá sílé ìwé àwọn Akọ̀wé. Ó ń ṣèwádìí bí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yí ìjọsìn padà. Ó ní ọmọ tó bá mú òun dé inú ẹgbẹ́ àdúrà kan, òun á kọ orúkọ rẹ̀ sínú iṣẹ́ náà, òun á sì kọ̀wé yìn ín nígbà tó bá fẹ́ wọ yunifásítì. Ó fún un níwèé mẹ́sàn-án pé kí ìyá kọ̀ọ̀kan tẹ̀ka sí i, kó fi hàn pé òun gbà. Lọ́jọ́ kejì, Akọ̀wé dá ìwé náà padà, ìtẹ̀ka mẹ́sàn-án pé, pẹ̀lú ohùn wa.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Ọjọ́bọ̀ pé, obìnrin yẹn bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀, fídíò rẹ̀ sì bọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní àwọn èèyàn ń sọ fún fóònù ohun tí wọn ò lè sọ nílé ìjọsìn, ló bá tẹ ohùn kan kí wọ́n gbọ́. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún ni Ìyá Aránṣọ fi ránṣọ fún àdúgbò, kò sẹ́ni tí kò mọ ohùn rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ gbọ́ ọ níbi iṣẹ́, lórí fóònù ẹlòmíì.

Ìyá Aránṣọ wá sílé mi. Kò jókòó.

"Ìyá mi, ta lẹ fi ohùn mi fún?"

"Mi ò fún ẹnì kankan."

"Ọmọ mi ń sunkún, ó ń bi mí ìdí tí àlejò fi gbọ́ ṣáájú òun. Kí ni kí n sọ fún un?"

Mo yíjú sí Akọ̀wé.  Ó lọ mú ẹ̀dà ìwé yẹn wá. Mi ò lè kà á tán, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń tẹ̀ka síwèé láyé. Àpá ọ̀bẹ kan náà ló dábùú ìtẹ̀ka mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Mo mọ àpá yẹn, èmi ni mo di ọgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí ọ̀bẹ gé Akọ̀wé ní àtàǹpàkò.

"Màmá, mo yọ orúkọ wọn kúrò."

"Ta ló ń fi orúkọ mọ̀ wọ́n ládùúgbò yìí?"

Ìyá Aránṣọ wo àwa méjèèjì. "Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ìyá mi, ẹ kú àdúrà." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́bọ̀, mo jókòó sílé ìwòsàn títí wọ́n fi ń gbálẹ̀. Kò wá. Ó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ wa. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní etí tó ti gbọ́ nípa ọyàn òun ti tó, òun ò ní sọ ọ́ fún dókítà kankan.

Obìnrin yunifásítì mú fídíò náà kúrò, ó wá bẹ̀ wá. Ó yọ orúkọ Akọ̀wé kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀, kò sì kọ ìwé ìyìn kankan. Akọ̀wé ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín tẹ fóònù." Mo ní rárá. Ọmọ mi ṣì ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ fúnra mi.

Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, àṣírí tó bá bọ́ sí yín lọ́wọ́ torí pé wọ́n fọkàn tán yín kì í ṣe ohun tí ẹ máa fi wá ojú rere. Ẹ béèrè. Tí wọ́n bá ní rárá, rárá náà ni.

Oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn náà, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, à ń gbàdúrà lọ́wọ́, à ń dárúkọ àwọn aláìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan. A ò dárúkọ Ìyá Aránṣọ, torí ó ti ní ká má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Àárọ̀ yẹn ló kú.