Ohun Tí Káfíńtà Tọ́jú Sínú Àpótí Irinṣẹ́

Alága ni gbogbo àdúgbò ń pe káfíńtà kan, nítorí àga tó ń kàn. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ṣùgbọ́n ọtí ti sọ ọ́ di ẹrú.

Àtọ̀gbẹ dé sí i lára. Àwọn dókítà fi ẹ̀rọ kan tí kò tó ìdajì igi ìṣáná sí abẹ́ awọ apá rẹ̀. Iná tín-ín-rín tó ń tàn nínú rẹ̀ ló fi ń mọ iye ṣúgà tó wà lára ọkùnrin náà. Òmíràn wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òkè awọ. Òun ló ń fún ti abẹ́ lágbára, òun ló sì ń ránṣẹ́ sórí fóònù Alága àti ti ìyàwó rẹ̀. Bí ṣúgà bá ga jù tàbí tó bá wálẹ̀ jù, fóònù méjèèjì á ké.

Èyí sú Alága. Kò lè mu ife ọtí kan kí ìyàwó má pè é. Ló bá ta ọgbọ́n. Tó bá fẹ́ lọ sílé ọtí, á ṣí ti òkè kúrò, á tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí irinṣẹ́, sábẹ́ bébà tó fi ń ha pákó. Bí ìyàwó bá bi í, á ní, "Mo ń ṣájì ẹ̀ ni."

"Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ní ká máa fi ṣájì ẹ̀, Dádì. Ó ti di wákàtí mẹ́ta báyìí."

"Iná ò dáa ni."

Nígbà tó yá, obìnrin náà kò béèrè mọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Alága ti gún abẹ́rẹ́ tó máa ń mú ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ láìjẹun, ó tún ṣí ẹ̀rọ òkè kúrò sínú àpótí, ó sì lọ mutí. Bó ṣe padà sí ṣọ́ọ̀bù ni òógùn bò ó, ó sì ṣubú sáàárín èérún pákó. Ṣúgà ara rẹ̀ ti wálẹ̀ pátápátá, fóònù kankan kò sì ké. Nílé, ìyàwó rẹ̀ rí i lórí fóònù pé ẹ̀rọ ti dákẹ́. Ó ní, "Ó tún ti ń ṣájì," ó sì ń ká aṣọ rẹ̀ lọ.

Ẹni tó máa ń bá a kun àga ló bá a nílẹ̀. Ọ̀mùtí paraku lòun náà tẹ́lẹ̀ kí Jésù tó gbà á. Ojú Alága ṣì ń ṣí díẹ̀díẹ̀, ló bá po ṣúgà mọ́ omi, ó rọra ń fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu, ó sì gbé e lọ sí ọsibítù.

Nígbà tí ara Alága balẹ̀, ọkùnrin tó ń bá a kun àga náà mú ẹ̀rọ jáde lápò, ó gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. "Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ ṣiṣẹ́. Bébà ni mò ń wá nínú àpótí yín tí mo fi rí i, ọ̀gá."

Ìyàwó rẹ̀, tó ti sáré dé, wo ẹ̀rọ náà, ó sì wo ọkọ rẹ̀ lójú. Ìwò yẹn dun Alága ju abẹ́rẹ́ lọ.

"Irọ́ mi ló fẹ́ pa mí," ló wí.

"Ọ̀gá, ẹ lè ṣí eléyìí kúrò lápá. Ojú Ọlọ́run ńkọ́? Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ fi ń sá fún un ló ń wò yín, kì í ṣe láti fi yín ṣẹ̀sín. Torí yín ni Jésù ṣe kú."

"Sísá yẹn ti rẹ̀ mí," ni Alága wí, ó sì sunkún. Ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún Ọlọ́run, ó gba Jésù, ó sì bẹ ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà mú ẹ̀rọ, ó nu èérún pákó ara rẹ̀ kúrò, ó lẹ̀ ẹ́ padà mọ́ apá ọkọ rẹ̀.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, kí lo tọ́jú sínú àpótí tìrẹ? Bóyá àwọn ará ilé rẹ kò béèrè mọ́, nítorí ó ti rẹ̀ wọ́n. Ó ti rẹ ìwọ náà, mo mọ̀. Jésù kò tíì dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Alága kò mọ̀ pé ọ̀sán ọjọ́ yẹn lè jẹ́ ìkẹyìn. Ìwọ náà kò mọ tìrẹ. Gbé ohun tí o tọ́jú yẹn jáde lónìí, níbi tí o jókòó sí yìí, kí o sì sọ fún Jésù pé, "Olúwa, sísá ti rẹ̀ mí. Gbà mí."