Ọwọ́ Tó Wà Lórí Ikùn Àtọ́kẹ́

Ọ̀sán gangan ni, ọyẹ́ ń fẹ́ eruku wọlé láti ojú fèrèsé. Mo rẹ òwú sínú sípíríìtì, mo fi kan Àtọ́kẹ́ níkùn, lẹ́bàá ojú ọgbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ mọ̀ pé ó tutù?"

"Mi ò mọ nǹkan kan."

Abẹ́rẹ́ ti mú nìyẹn. Mo ti ń palẹ̀ àwo mi mọ́ kó tó béèrè pé, "Sàrátù, ta ló gbọ́wọ́ lé mi níkùn?"

Ọwọ́ mi méjèèjì wà lára àwo. Kò sí ẹlòmíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Èmi kò kàwé nọ́ọ̀sì. Ẹnu iṣẹ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́ ní ọsibítù wa ní Ṣakí. Ọyẹ́ ọdún tí àwọn ṣọ́jà tún gbàjọba ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ìfun Àtọ́kẹ́ ló lọ́, wọ́n sì là á níkùn. Ẹni tí wọ́n bá là níkùn kì í fẹ́ mí kanlẹ̀, kì í fẹ́ wúkọ́, torí ìrora. Bẹ́ẹ̀ bí kò bá wúkọ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á jókòó sí i láyà, ó sì lè pa á. Ìdí nìyẹn tí Dókítà Olúfẹ́mi fi ń gún un lábẹ́rẹ́ sí ìhà, lọ́tùn-ún lósì, níbi tí iṣan tó ń gbé ìrora gbà kọjá. Kò ní sùn. Á máa sọ̀rọ̀, á máa wò, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ á kú tìpiri títí di àṣálẹ́. Òtútù ni ibẹ̀ kọ́kọ́ máa ń gbàgbé. Òun la fi ń dán an wò.

A tún máa ń kọ́ ẹbí láti gbọ́wọ́ lé ojú ọgbẹ́, kó má baà fà bí aláìsàn bá ń wúkọ́. Ọkọ ló sábà máa ń ṣe é. Fún Àtọ́kẹ́, èmi ni.

"Kò sẹ́ni níbí o," mo ní.

"Ó wà níbẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kò ní ìka àárín."

Ara mi bù máṣọ. Gbogbo wọ́ọ̀dù ló mọ ìtàn ọkọ rẹ̀, Ọdẹ́bọ̀dé, ọdẹ Àgọ́-Àmọ́dù tí ìbọn bú gbàmù mọ́ lọ́wọ́, tó bá ìka àárín rẹ̀ lọ. Ó wọ igbó ọ̀nà Òfìkì lọ́jọ́ kan, kò padà. Wọn ò rí òkú, wọn ò rí ìbọn. Àwọn ọdẹ fẹ́ ṣe ìṣípà fún un, kí wọ́n kó ohun ìṣọdẹ rẹ̀ lọ sígbó, kí ẹ̀mí rẹ̀ lè kúrò nílé. Àtọ́kẹ́ kọ̀. Ó ní a kì í ṣípà fún alààyè. Fìlà ọdẹ kan ṣoṣo tó kù sílé, òun ló gbé e pa mọ́. Ní ọsibítù pàápàá, abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ló wà.

Jẹ́ẹ́dé, àbúrò ọkọ rẹ̀, wá kí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Ìyàwó wa, gbé fìlà yẹn wá. Ọdẹ tí a kò ṣípà fún, ẹ̀gbẹ́ aya rẹ̀ ní í dúró sí. Àbí ìwọ náà fẹ́ bá a lọ ni?"

"Ọkọ mi, ẹ kúkú sọ pé fìlà ló wù yín. Orí yín ò mà ní wọ̀ ọ́ o."

Jẹ́ẹ́dé rẹ́rìn-ín tipátipá, ó bá tirẹ̀ lọ. Bí abẹ́rẹ́ ṣe ń tán lára Àtọ́kẹ́, ìrora ń dé, ọwọ́ náà sì ń lọ. Ó bú sẹ́kún.

"Bá mi pe dókítà," ó ní. "Kì í ṣe torí ọgbẹ́ o. Kó lè padà wá ni."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ọwọ́ náà sì padà. Ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ìyàwó ọ̀ṣìngín. "Ó ti dé. Ṣé mo sọ fún wọn pé ó wà láàyè?"

Òwú tútù ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ náà ńkọ́? Ṣé ó gbóná?"

Ẹ̀rín rẹ̀ kò tètè lọ. Ó kàn dúró síbẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn. Mo tún fi òwú kan ikùn rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n.

"Ó tutù," ó ní. "Ó tutù gan-an, Sàrátù. Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọkọ mi máa ń gbóná bí ààrò."

Ó fa fìlà yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó gbóòórùn rẹ̀ títí. Nígbà tí Jẹ́ẹ́dé dé, ó nà án sí i.

Àárọ̀ tí wọ́n ṣe ìṣípà náà ni dókítà fún un ní abẹ́rẹ́ ìkẹyìn. Mo fi òwú dán an wò; ikùn ti kú.

"Ṣé ó wà níbẹ̀?" mo béèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mi ò mọ nǹkan kan mọ́." Ó gbá ọwọ́ mi mú, ó gbé e lé ibi tí tọ̀hún máa ń wà. "Bá mi wò ó. Ṣé ó ti lọ?"

Ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. Ṣùgbọ́n abẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi tutù bí ìdí àmù, òtútù náà sì pín bí ìka ọwọ́, àfi ní àárín, níbi tí àlàfo kan ti gbóná.

Ó ń wo ojú mi.

"Ó ti lọ," mo ní.

Ó mí kanlẹ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó sì wúkọ́ dáadáa, bí dókítà ṣe fẹ́. Mi ò tíì tẹ ọwọ́ mi mọ́lẹ̀ rárá. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ti bá a di ojú ọgbẹ́ mú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń kọ́ àwọn ọkọ.