Omi Gbogbo Wa

Ara Kusi ò balẹ̀. Ó jókòó, ó dìde, ó tún lọ wo àgbàdo wọn tó ń rọ. Omi inú kòtò ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko náà, àmọ́ wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ní abúlé Wayllapata, àwọn tí oko wọn jìnnà jù nísàlẹ̀ òkè ló máa ń kọ́kọ́ gbomi. Ti bàbá Kusi tó wà lókè ló máa ń kẹ́yìn.

"Bàbá, ṣé kó gbẹ tán ni?"

"Ó máa kàn wá, ọmọ yìí. Ó ku Ìyá Chimpu ìsàlẹ̀ wa yìí nìkan. Jókòó jẹ́ẹ́!"

Jókòó kẹ̀! Ṣebí etí ẹ̀ ló fi gbọ́ lọ́jọ́ ìsinmi, nígbà tí wọ́n ka òfin ọba Sípéènì, tó ń jọba lé wọn lórí láti òkè òkun, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, pé omi jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dí i mọ́ ẹnìkejì. Don Lázaro, olórí abúlé, fẹnu ko ìwé náà, ó gbé e lérí, ó ní, "A gbọ́, a sì júbà ọba." Kò sì yí nǹkan kan padà. Inú bí Kusi débi pé kò lè jẹun.

Bí bàbá ẹ̀ ṣe lọ mu ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ládùúgbò, ó sáré lọ síbi tí kòtò ti yà sí oko wọn, ó yí òkúta ńlá tó dí ẹnu ibẹ̀ kúrò.

Yéè! Omi ya wọlé. Kusi ti gbàgbé pé bó bá kan ẹnì kan, gbogbo abúlé ló máa ń gbé ọkọ́ wá bá a darí omi láàárín ebè. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ó fẹsẹ̀ dí i, ó fọwọ́ kó amọ̀, asán ni. Omi gbá àgbàdo lọ, ògiri òkúta tó gbé oko dúró wó lulẹ̀, erùpẹ̀ sì bo ọ̀dùnkún Ìyá Chimpu nísàlẹ̀ mọ́lẹ̀.

Opó ni Ìyá Chimpu, oúnjẹ ọdún kan rẹ̀ nìyẹn. Òun náà ló kọ́kọ́ sáré gòkè, tó bá Kusi ti òkúta padà. "Ta ló rán ẹ? Mo ní ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

"Òfin ọba ni, mà!" Kusi ti ń sunkún. "Wọ́n ní ti gbogbo wa ni!"

Don Lázaro àti bàbá Kusi ti dé. "Ọba ò parọ́," olórí abúlé wí. "Àmọ́ ọba ò dé òkè yìí rí. Ó ní ti gbogbo wa ni. Bí gbogbo wa á ṣe mu ún tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára, àwa la mọ̀ ọ́n."

Bàbá Kusi ò bú u. Ó kàn wọlé, ó gbé àpò àgbàdo gbígbẹ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún wọn jáde, ó gbé e fún opó náà.

Ebi pa wọ́n lọ́dún yẹn. Ebi náà ló kọ́ Kusi pé ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, níṣojú gbogbo ènìyàn la ti ń lò ó.