Ìgò Fítámì Márùn-ún Lójú Fèrèsé Wẹ́dà

Ìgò márùn-ún ló tò sójú fèrèsé. Láràárọ̀, bí wẹ́dà bá ti fọ ẹnu tán, á ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì máa dárúkọ àwọn tó fún un.

"Ti ẹ̀gbọ́n mi rèé. Ti ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ rèé. Ti ìyá ìyàwó mi rèé. Ti ẹgbẹ́ àwa wẹ́dà rèé. Ti àǹtí onílé rèé."

Hóró kan láti inú ìgò kọ̀ọ̀kan, á kó o sẹ́nu, á fi omi lé e. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ ni, á máa wò ó láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Oṣù mẹ́rin rèé tí ọkùnrin yìí ti fi ọtí sílẹ̀. Ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yẹn o! Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi mu ún, débi pé ọwọ́ tó fi ń jó irin pọ̀ ń gbọ̀n, ẹyinjú rẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè, ó sì bi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá. Ilé ìwòsàn ló ti rí ara rẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé ọtí ti ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́, àti pé bí kò bá fẹnu kan án mọ́, ẹ̀dọ̀ náà lè rí ìsinmi díẹ̀. Ó gbọ́, ó sì jáwọ́. Inú gbogbo ènìyàn dùn, ni kálukú bá ń gbé ìgò fítámì wá kí i.

Ta ni yóò wá gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ àgbà tí kò ní lò ó? Bí ó bá lo ti ẹ̀gbọ́n tí kò lo ti ọ̀gá, wọ́n á ní ó ń fojú di ọ̀gá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tiẹ̀ máa ń yà wá, tòun tọtí lọ́wọ́, láti gbé ìgò rẹ̀ wò, bóyá ó ti ń dín. Ìtìjú ò jẹ́ kí wẹ́dà yọ ẹnì kankan sílẹ̀, ló bá ń gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Hóró funfun kéékèèké inú ọ̀rá tí nọ́ọ̀sì fún un ńkọ́? Inú dúrọ́ọ̀ ló wà, lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀. Ó ní ó kéré jù, kò láwọ̀, kò sì sí àwòrán ọkùnrin alágbára lára rẹ̀. Ẹ gbọ́ nǹkan! Àwòrán ló fẹ́ gbé mì!

Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni orí ti ń fọ́ ọ. Ètè rẹ̀ ń bó, awọ ọwọ́ rẹ̀ ń ṣí. Ó ní iná iṣẹ́ ni. Lóòótọ́, iná máa ń bó àwọn wẹ́dà lójú. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí kò tan ẹ̀rọ rárá, nítorí àárẹ̀, bíbó náà ò sì dáwọ́ dúró.

Lọ́sàn-án Sátidé, ó bì títí, ó wá jókòó sétí ibùsùn.

"Ìyá àwọn ọmọ," ó ní, "nígbà tí mo ń mutí, egungun ò dùn mí báyìí. Ọtí tí mo fi sílẹ̀ ló ń bá mi jà. Ife kan péré ni n ó mu, kí ara mi lè balẹ̀."

Aránṣọ ju sísọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ife kan kí ni? Ẹ wò mí lójú kí ẹ tún un sọ! Ọwọ́ mi yìí ni mo fi nu ẹ̀jẹ̀ tí ẹ bì nílẹ̀ yìí! Ẹ fẹ́ kí n tún un nù?"

"Má pariwo, àwọn ará ilé ń gbọ́."

"Kí wọ́n gbọ́! Ṣebí wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé yín lọ!"

Ó gbá ìgò márààrún sínú báàgì, ó fa ọ̀rá jáde lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀.

"Ẹ dìde. Tí ẹ ò bá dìde, màá gbé yín."

"O ò lè gbé mi."

"Ẹ jókòó síbẹ̀ kí ẹ wò ó."

Wẹ́dà dìde.

Nọ́ọ̀sì àgbà tó fún un lóògùn ni wọ́n bá nílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì náà to ìgò sórí tábìlì, ó wọ awò ojú, ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ka ìkarùn-ún tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ máa lo gbogbo èyí?"

"Ẹ̀bùn ni, mà. Hóró kan kan péré ni mò ń lò."

"Kan kan péré! Orúkọ wọn yàtọ̀, àwọ̀ wọn yàtọ̀. Ẹ wá wo ibi tí wọ́n kọ ohun tó wà nínú wọn sí. Fítámì A rèé. Òun náà rèé. Mẹ́rin nínú márùn-ún ló ní in, ó sì pọ̀ níbẹ̀! Ìkarùn-ún, irin tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ ló kún inú rẹ̀, ẹnì kankan ò sì yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kó sọ pé irin ò tó lára yín. Ṣé irin tí ẹ ń jó ní ṣọ́ọ̀bù ò tó yín ni?"

"Mo rò pé oúnjẹ lásán ni fítámì, mà."

"Oúnjẹ kọ́! Inú ẹ̀dọ̀ ni fítámì A ń lọ kó jọ sí. Tó bá pọ̀ jù, ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Èyí tí ọtí ti bà jẹ́ tẹ́lẹ̀, ibo ló fẹ́ gbé e sí? Orí fífọ́, èébì, awọ bíbó, egungun dídùn, gbogbo rẹ̀ ló lè ti ibẹ̀ wá."

Aránṣọ gbé ọ̀rá sílẹ̀. Kókó tí nọ́ọ̀sì ta sí i fúnra rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wò ó, inú bí i, ó gbé e sókè níwájú wẹ́dà.

"Èyí tí mo fún yín ni ẹ ò lò! Fítámì B1 nìyí. Ọtí kì í jẹ́ kó dúró lára ènìyàn. Bí kò bá sí, ọpọlọ á dà rú, ẹsẹ̀ á máa ta gẹ́ẹ́gẹ́ẹ́. Èyí ni ara yín ń fẹ́!"

"Ṣé kì í ṣe ọtí tó fi sílẹ̀ ló ń bá a jà? Ó ní òun fẹ́ mu ife kan." aránṣọ bi í.

"Rárá o. Ife kan tó fẹ́ mu yẹn, òun ni ì bá sọ ọ́ di òkú."

Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí èsì dé, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti burú ju ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ lọ. Kò sì fi ẹnu kan ọtí láti ọjọ́ náà! Dókítà ní kó má lo ìgò márààrún mọ́, kó máa lo ti inú ọ̀rá, kó máa jẹun dáadáa, kó sì padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Kò ṣèlérí pé gbogbo rẹ̀ yóò san.

Kí wọ́n tó padà dé, ìròyìn ti ta sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ létí, ó sì ti dúró dè wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù.

"Mo gbọ́ pé wọ́n ní kí o má lo tèmi mọ́. Tèmi tó dára jù nínú gbogbo wọn!"

Aránṣọ ti ya ẹnu, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè.

"Jẹ́ n sọ ọ́ fúnra mi." Ó na ìgò sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ gbà á, sà. Ọtí ni mo fi ba ẹ̀dọ̀ mi jẹ́. Mi ò ní torí pé ojú yín ń tì mí kí n wá pa èyí tó kù."

"Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Bí ẹ bá fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, ẹ yéé gbé ọtí wá mu níwájú mi."

Ẹ̀gbọ́n gba ìgò rẹ̀, kò dágbére, ó bá tiẹ̀ lọ. Wẹ́dà jókòó sórí àga irin, kò pè é padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ gbọ́. Kò sí fítámì tó ń fọ ẹ̀dọ̀ tí ọtí bà jẹ́, ẹni tó bá ní òun ń tà á, irọ́ ló ń pa. Jíjáwọ́ nínú ọtí pátápátá ni oògùn àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ti ń mu ún lámujù, ẹ má dá jáwọ́ lójijì nínú ilé, ó lè gbé ènìyàn ṣánlẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn elétò ìlera kí wọ́n tọ́ yín sọ́nà. Fítámì tí wọ́n bá fún yín níbẹ̀, ẹ lò ó bó ti wù kó kéré. Èyí tí ẹlòmíì bá gbé wá, ì báà jẹ́ ti ìyá tó bí yín, ẹ kọ́kọ́ gbé ìgò rẹ̀ lọ fún wọn kà. Bí ẹyinjú bá ń di àwọ̀ ìyeyè, tí inú ń wú, tí ìgbẹ́ dúdú tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde, tàbí tí ọ̀rọ̀ bá ń dàrú mọ́ ènìyàn lẹ́nu, ẹ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ẹni tó fún yín sì lè bínú. Ẹ jẹ́ kó bínú. Ìbínú àgbà á rọlẹ̀ bó pẹ́ bó yá, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ tó bá ti kú, ẹ̀bẹ̀ kankan kì í jí i.